Ímeèlì Ìyá Lójú Agbami

Mindẹ́lò, Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 16 Oṣù Kọkànlá

Ìwé tuntun rèé. Ti àtijọ́ ti mu omi òkun yó, gbogbo ohun tí mo kọ sínú rẹ̀ ti di aró. Yorùbá ni màá máa kọ, kí Ọ̀gá àti Màdáámù tó ni ọkọ̀ ìgbòkun tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí má baà mọ ohun tí mò ń sọ nípa wọn. Kì í kúkú ṣe ọ̀rọ̀ burúkú. Mo kàn fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn arúgbó òyìnbó méjì yìí ń jẹ bọ́tà bí ẹni pé ọ̀la ni wọ́n máa fi òfin dè é.

Mo gbọ́ ohùn Ìyá lónìí. Ilé tíì kan wà létí èbúté erékùṣù yìí tí nẹ́tíwọ̀kì wọn dára, ibẹ̀ ni mo jókòó sí láti àárọ̀. Bọ́láwùmí gbé fóònù sí wọn létí lórí bẹ́ẹ̀dì ní ọsibítù ní Ìlá. Apá àti ẹsẹ̀ òsì kò tíì ṣiṣẹ́, ẹnu sì wúwo díẹ̀, àmọ́ wọ́n mọ̀ mí. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ọkọ Kékeré, ṣé wọ́n ń fún ọ lóúnjẹ nínú omi yẹn?" Mo ní èmi gan-an ni mò ń dáná fún wọn. Ẹ̀rín pa wọ́n. Wọ́n ní Ọkọ Kékeré ń dáná fún òyìnbó, ayé mà ti dorí kodò o.

Irun mi ti ń funfun, Ọkọ Kékeré náà ni mo ṣì ń jẹ́. Mo ti ń sáré kiri àgbàlá nígbà tí wọ́n gbé Ìyá wọlé wa ní ìyàwó fún Bàbá Fádípẹ̀, àbúrò bàbá mi. Ìyá tó bí mi ti kú nígbà yẹn. Wọ́n gbé mi pọ̀n lọ́sẹ̀ tí wọ́n dé, wọn ò sì sọ̀ mí kalẹ̀ mọ́. Bọ́láwùmí tí wọ́n bí lẹ́yìn náà, àbúrò mi ni. Ẹni tó bá ní kì í ṣe àbúrò mi, kó wá bá mi sọ ọ́ lójú.

Mo sọ fún Ìyá pé mo fẹ́ fi ọkọ̀ yìí sílẹ̀ níbí kí n máa bọ̀ nílé. Wọ́n kọ̀ jálẹ̀. "Iṣẹ́ tí o bá bẹ̀rẹ̀, parí ẹ̀. Kérésì ni kí o wá kí mi." Mo ní ó dáa, Kérésì.

Ọjọ́ Ajé, 18 Oṣù Kọkànlá

Mo ra ọ̀gẹ̀dẹ̀, ọ̀dùnkún àti àlùbọ́sà lọ́jà. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wọ́n bí ojú níbí, ìyá tó ń tà á kò sì gbà kí n ná an.

Ọ̀gá ti so àwo íńtánẹ́ẹ̀tì mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀. Ó ń fọwọ́ pa á lára bí ẹni tó ra ẹṣin. Ó ní títí tí a ó fi la òkun já dé Bàbédọ́ọ̀sì ní òdì kejì, a ó máa rí wáàsáàpù, a ó máa rí fídíò, kò ní yàtọ̀ sí orí ilẹ̀. Mo fi ohùn ránṣẹ́ sí Bọ́láwùmí pé kó sọ fún Ìyá: màá fi ẹja tó ń fò hàn wọ́n láàyè.

Ọjọ́bọ̀, 21 Oṣù Kọkànlá

A ṣíkọ̀ láàárọ̀. Afẹ́fẹ́ dára. Mo bì.

Ọjọ́ Àìkú, 24 Oṣù Kọkànlá

Àwo ti kú.

Ìgbì kan ló gun ẹ̀yìn ọkọ̀ lánàá, ó bo gbogbo ibẹ̀ mọ́lẹ̀. Nígbà tí mo tú ojú wáyà, iyọ̀ ti jẹ ẹ́, ó ti dípẹtà, ó tutù yọ̀yọ̀. Èmi tí mo ṣí ṣọ́ọ̀bù ní Ìlá, tí mo tún fóònù tó jábọ́ sínú ọbẹ̀ ṣe, tí mo tún èyí tó já sí ṣáláńgá ṣe, mo fi sípíríìtì fọ eléyìí, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, mo gé e, mo tún un so. Òkú ni. Ọ̀gá ní kí n fi í lẹ̀. Mi ò fi í lẹ̀ títí oòrùn fi wọ̀.

Ohùn tó wọlé kẹ́yìn ni ti ọjọ́ Ẹtì. Bọ́láwùmí ní Ìyá mu ẹ̀kọ, wọ́n tún bèèrè ẹran.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 26 Oṣù Kọkànlá

Fóònù sátẹ́láìtì ló kù. Ọ̀gá ń fi í gba ìròyìn ojú ọjọ́ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Àwòrán wúwo jù fún un, kò lè gbé ohùn tí èèyàn gbà sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ lásán ló ń gbé, ìyẹn náà ní ìlà mélòó kan. Owó rẹ̀ sì ga débi pé Ọ̀gá kì í fi pe ẹnikẹ́ni. Ó ti gbà kí n máa fi ímeèlì kan ránṣẹ́ nírọ̀lẹ́ lẹ́yìn tí ó bá ti gba tirẹ̀.

Ní Ìlá, a máa ń gun àga láti wá nẹ́tíwọ̀kì, à ń bú àwọn tó ni ín. Mi ò ní bú ẹnikẹ́ni mọ́. Níbí, mo fi apá kan dì mọ́ òpó ìgbòkun, mo na fóònù sókè bí ẹni ń fi àgbàdo tan adìyẹ, ọkọ̀ ń yí sí ọ̀tún, ó ń yí sí òsì. Ọ̀rọ̀ á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán, ọ̀nà á já, a ó bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ó lọ nígbà tó yá. Mo ní kí Bọ́láwùmí kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀, kó má fi àwòrán sí i o, kó sọ bí Ìyá ṣe wà fún mi.

Ọjọ́ Ẹtì, 29 Oṣù Kọkànlá

Èsì dé. "Bọ̀dá mi, ọkàn yín balẹ̀. Ìyá ń sinmi. Ẹ fọkàn sí iṣẹ́ yín, Ọlọ́run wà." Ó tán.

Ó pẹ́ kó tó dé. Bóyá Ọ̀tan Ayégbajú níbi tó ti ń ṣe tíṣà ló wà, bóyá iṣẹ́ ilé ìwé kò jẹ́ kó ráyè. Mo kà á títí mo fi mọ̀ ọ́n sórí.

Ọjọ́ Àìkú, 1 Oṣù Kejìlá

Afẹ́fẹ́ kú pátápátá. Ìgbòkun rọ̀ jọwọrọ, omi tẹ́jú bí àwo tí wọ́n da epo sí. Ilé Ọlọ́run ni àwọn ará ilé wà báyìí. Mo ń ṣírò ọ̀nà tó kù, ó ń já mi láyà. Tí a bá dúró báyìí, Kérésì á bá mi lórí omi.

Mo fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu Ìyá fúnra wọn. Mo kọ ọ́ sí Bọ́láwùmí pé "ń sinmi" kò tó mi. Kó jókòó ti Ìyá, kó ní kí wọ́n bá mi sọ̀rọ̀, kó sì tẹ̀ ẹ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Ọ̀nà já nígbà mẹ́ta. Ọ̀gá fajú ro, ó ní ẹ̀mí wa lórí omi yìí, inú ìròyìn ojú ọjọ́ ló wà, mò ń fi ọ̀rọ̀ ilé jẹ owó fóònù tán. Inú bí mi. Mo ní tí ó bá jẹ́ ìyá tiẹ̀ ńkọ́? Màdáámù bá ní kí n máa gba àyè tòun, tó fi ń kọ̀wé sí àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ojú tì mí láti gbà á, mo sì gbà á.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3 Oṣù Kejìlá

Kò sí nǹkan kan. Mo se ẹ̀wà, ó jóná. Wọ́n jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 6 Oṣù Kejìlá

Ìyá ti sọ̀rọ̀!

Kò sí àmì ohùn lórí ẹ̀ bó ṣe wọlé. Èmi ni mo fi sí i bí mo ṣe ń dà á kọ síbí:

"Kọ́lájọ ọmọ mi, ara mi ti ń le. Mo jókòó lónìí, mo jẹ iyán díẹ̀. Ọyẹ́ ti dé, ètè mi ti là. Má da ara rẹ láàmú. Ẹni tó mú ọ lọ á mú ọ bọ̀. Èmi ìyá rẹ."

Iyán! Ẹni tó jẹ́ pé ẹ̀kọ nìkan ló ń mu. Mo kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ sítóòfù, mo dúpẹ́. Mo dín ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó kù tán, mo ń kọrin ìsìn sókè, Ọ̀gá tí kò gbọ́ ohun tí mò ń sọ ń bá mi pàtẹ́wọ́. Mo túmọ̀ ìwé náà fún Màdáámù. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ náà ti dé padà, ọkọ̀ ń sáré. Tó bá ń lọ báyìí, a ó gúnlẹ̀ ṣáájú Kérésì, màá sì wọ bàálù lọ́jọ́ kejì.

Ọjọ́ Àìkú, 8 Oṣù Kejìlá

Ìròyìn ojú ọjọ́ kọ̀, kò wọlé láti àná. Ìkùukùu dúdú kan ń bọ̀ lẹ́yìn wa, Ọ̀gá ń rìn síwá sẹ́yìn. Nígbà tí kò rí ọgbọ́n mìíràn dá mọ́, tó pe àwọn tó ń bójú tó ímeèlì wa lórí ilẹ̀, wọ́n ní ẹnìkan ló fi àwòrán ńlá ránṣẹ́ sí ọkọ̀, ó há sójú ọ̀nà, gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò lè kọjá. Wọ́n dárúkọ ẹni náà. Adétúnbọ̀ ni, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá wa tó wà l'Ékòó.

Ẹ̀bi mi ni, èmi ni mo fún un ní àdírẹ́sì. Adétúnbọ̀ kò lè ra bàtà kó má ya fọ́tò rẹ̀ fún gbogbo ẹbí. Ọ̀gá bi mí pé kí wọ́n pa á rẹ́ àbí kí wọ́n jẹ́ kó wọlé, tí yóò gba gbogbo ọjọ́. Mo ní kí wọ́n pa á rẹ́. Ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn náà, ìròyìn ojú ọjọ́ wọlé. A ká ìgbòkun kí òjò tó dé. Ó rọ̀ gan-an.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10 Oṣù Kejìlá

Mò ń po ìyẹ̀fun búrẹ́dì ní ọ̀sán yìí, mo ń ka ìwé Ìyá lọ́kàn bí mo ṣe máa ń ṣe. Mo ní kí n gbọ́ ọ ní ohùn wọn. "Ara mi ti ń le," mo gbọ́ ìyẹn. "Ọyẹ́ ti dé," mo gbọ́. Mo padà sí ìbẹ̀rẹ̀. "Kọ́lájọ ọmọ mi." Ohùn kò jáde. Mo tún un gbìyànjú. Kò jáde.

Ìyá kò pe orúkọ mi rí.

Wọ́n ti sọ mí lórúkọ kí Ìyá tó wọlé wa. Ìyàwó ilé kì í pe orúkọ ọmọ tó bá nílé ọkọ, Ìyá kò sì fi ọjọ́ kan ṣoṣo gbàgbé. Lọ́jọ́ tí wọ́n mú mi lọ sí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí ọ̀gá ilé ìwé ní kí lorúkọ ọmọ yìí, wọ́n tì mí síwájú, wọ́n ní, "Dá wọn lóhùn." Bínú wọn bá ń bí sí mi, "ọ̀gbẹ́ni yìí" ni. Lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, tí ìdajì ẹnu kò ṣiṣẹ́, Ọkọ Kékeré náà ni wọ́n fi ẹnu tó kù pè.

Bọ́láwùmí ló kọ ọ́. Ó yọ "Bọ̀dá" tó fi ń pè mí kúrò níwájú orúkọ, ó sì rò pé ìyẹn ni ìyá ń pe ọmọ. Kí ló wá dé tó fi ní láti kọ ọ́ fúnra rẹ̀? Ẹni tó lè jókòó, tó lè jẹ iyán, ṣé kò lè sọ ìlà mẹ́rin ni?

Ìgbà yẹn ni mo rántí Adétúnbọ̀. Mo mọ irú fọ́tò tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí lẹ́ẹ̀kan náà, èyí tí wọ́n ń kọ ọjọ́ ìbí àti ọjọ́ ikú sí lábẹ́. Èmi ni mo ní kí wọ́n pa á rẹ́.

Ìyá mi ti kú. Wọ́n ti kú, mo sì ń dín ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Ọjọ́rú, 11 Oṣù Kejìlá

Mo ṣe iṣẹ́ mi. Mo di ìdarí ọkọ̀ mú láti òwúrọ̀ dé ọ̀sán. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran.

Màdáámù rí ojú mi, mo sì sọ fún un. Kò yé e. Ó ní orúkọ lásán? Ó ní kí n má pa ara mi lórí ìfura, kí n kọ̀wé nísinsìnyí, kí n bi àbúrò mi léèrè gbangba, bẹ́ẹ̀ ni àbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó ní ní ilẹ̀ àwọn, ìṣẹ́jú tí èèyàn bá kú ni wọ́n ń pe ọmọ rẹ̀, pé ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni láti mọ̀.

Mo ní nílé wa, a kì í túfọ̀ fún ẹni tó wà lójú ọ̀nà. Wọ́n á ní kó máa bọ̀, wọ́n á ní ara arúgbó kò fi bẹ́ẹ̀ yá, títí yóò fi fẹsẹ̀ tẹ ilé. Àwọn àgbà á ti jókòó dè é, wọ́n á fún un lómi mu, wọ́n á yí i ká, ìgbà náà ni ẹnìkan á la ẹnu. Ó ní irọ́ kọ́ nìyẹn? Mo bi í pé tí wọ́n bá sọ ọ́ fún mi níbí, ta ló máa dì mí mú?

Ó wá jókòó tì mí, kò sì dìde títí mo fi kúrò níbẹ̀.

Mi ò ní bi Bọ́láwùmí. Tí mo bá bi í, òun nìkan ni yóò gbé e, lórí fóònù, ní yàrá rẹ̀, pẹ̀lú ìlà mẹ́rin. Ọmọ náà ò ṣẹ̀ mí.

Ọjọ́ Ẹtì, 13 Oṣù Kejìlá

Mo kọ̀wé sí Ìyá. Mi ò mọ ohun tó ṣe mí.

"Ìyá mi, ẹja kan fò wọ inú ọkọ̀ wa láàárọ̀ yìí, ó ní ìyẹ́ bí ẹyẹ. Mo fi ata díẹ̀ dín in. Ẹ̀yin ni mo rò."

Ọ̀nà kò já lẹ́ẹ̀kan.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14 Oṣù Kejìlá

Èsì ti dé kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Kò tíì yá báyìí rí.

"Kọ́lájọ, rọra máa yọ eegun rẹ̀ o. Ìwọ tí eegun ẹja há lọ́fun lọ́jọ́ Àjíǹde, tí o pariwo tí gbogbo Ìlá fi gbọ́. Fi ẹ̀bà tì í."

Mo rẹ́rìn-ín. Bí Ìyá á ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́ nìyẹn, àyàfi orúkọ. Lẹ́yìn ẹ̀rín, mo sunkún débi pé Ọ̀gá gba ìdarí ọkọ̀ lọ́wọ́ mi láìsọ̀rọ̀, ó sì lọ se kọfí fún mi fúnra rẹ̀ lẹ́yìn náà. Kò dùn.

Ọjọ́ Àìkú, 15 Oṣù Kejìlá

Mo kọ̀wé lánàá, ìlà kan. "Ìyá mi, ṣé ó ń dùn yín?"

Gbogbo òwúrọ̀ ni mo fi di fóònù náà mú lẹ́bàá òpó. Nígbà tó wọlé, mi ò tètè ṣí i.

"Rárá, ọmọ mi. Kò dùn mí. Mo mu omi, mo ní kí Bọ́láwùmí yí mi sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, mo sì sùn. Ojú oorun ni. Kò dùn mí rárá."

Mo kà á fún ara mi sókè, lórí òkun, níbi tí kò sí ẹni tó gbọ́ Yorùbá. Mo ní o ṣé, Bọ́láwùmí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 17 Oṣù Kejìlá

A rí ilẹ̀ láàárọ̀, a gúnlẹ̀ ní Bàbédọ́ọ̀sì lọ́sàn-án. Ọ̀gá àti Màdáámù dì mọ́ ara wọn, wọ́n wá dì mọ́ mi. Ilẹ̀ ń mì lábẹ́ ẹsẹ̀ mi.

Mo ra síìmù, mo tan fóònù mi. Ó ń gbọ̀n lọ́wọ́ mi, kò dúró. Ẹ kú àráfẹ́rakù, ẹ kú ọ̀rọ̀ èèyàn, Ọlọ́run á tù yín nínú, láti ọ̀dọ̀ àwọn tó wà ní Ìbàdàn, l'Ékòó, ní Lọ́ńdọ̀nù, tí wọn ò mọ̀ pé àwọn àgbà ilé ti ní kí wọ́n má jẹ́ kí n gbọ́. Àwòrán Adétúnbọ̀ náà wà níbẹ̀. Gèlè búlúù ni Ìyá wé. Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù Kọkànlá ni wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀, ọjọ́ kejì ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rọ̀ mọ́ òpó tí mò ń bèèrè bí wọ́n ṣe wà. Wọ́n fi ìsìnkú sí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nínú ọdún tuntun. Èmi ni wọ́n ń dúró dè.

Mi ò lè pe ẹnikẹ́ni lónìí.

Ọjọ́rú, 18 Oṣù Kejìlá

Màdáámù ti bá mi wá bàálù, èyí tí yóò gbé mi dé Èkó kí Kérésì tó pé. Mo jókòó síta, lábẹ́ igi kan létí èbúté, mo pe Bọ́láwùmí.

Ó gbé e lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ń sáré sọ̀rọ̀: ẹ kú ewu omi, ẹ kú orí-ire, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo bi í pé Ìyá ńkọ́. Ó ní, "Wọ́n ń sinmi, Bọ̀dá mi. Ẹ kàn máa bọ̀ nílé."

Mo ní, "Bọ́láwùmí, Ìyá kì í pe orúkọ mi."

Mo ń gbọ́ àkùkọ kan tó ń kọ lẹ́yìn rẹ̀, ní àgbàlá wa. Ìgbà tó yá ló bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ó ń bẹ̀ mí, ó ní àwọn àgbà ló ní kí òun má tú u fún mi, òun kò sì mọ bí òun ṣe lè kọ̀ nígbà tí mo ní kí Ìyá sọ̀rọ̀. Ó ní òun mọ̀ pé orúkọ náà kò bá a mu. Ó ní òun tẹ Ọkọ Kékeré, òun pa á rẹ́, òun tún un tẹ̀, òun tún pa á rẹ́. "Gbogbo ọ̀rọ̀ wọn ni mo lè sọ, Bọ̀dá mi. Ìyẹn nìkan ni ọwọ́ mi ò gbà."

Mo ní mi ò bínú. Mo ní ó ṣé tó sọ fún mi pé kò dùn wọ́n. Ó bi mí ìgbà tí mo ti mọ̀. Mo ní láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tó kọjá, nígbà tí mò ń po búrẹ́dì.

"Ẹ ti mọ̀ kẹ́ ẹ tó kọ ti ẹja?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ ṣì ń kọ̀wé sí wọn?"

Mo ní, "Kí ló dé tí ìwọ náà ṣì ń dá mi lóhùn?"

Nẹ́tíwọ̀kì dára gan-an níbí. Mò ń gbọ́ ẹkún rẹ̀ kedere bí ẹni pé a jọ jókòó.